Ṣé kí Màmá mi tún fọwọ́ kan ìyẹ́ àdìrẹ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlera. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni màmá mi n'Ìbàdàn níbí, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ láti kékeré. Lóṣù tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù wọ́n. Ọjọ́ 19 la lò nílé ìwòsàn, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a délé. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò lágbára, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀rọ̀ sì máa ń há sí wọn lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n na ọwọ́ òsì sí àpótí tí wọ́n ń kó ìyẹ́ sí, wọ́n bú sẹ́kún. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, pé iṣẹ́ ló dá wọn gúnlẹ̀, pé kí wọ́n kàn máa sinmi. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, ẹ ò ní ṣe é lásán. Ẹ má kó àpótí yẹn pamọ́ o. Ẹ gbé e síbi tí ojú Màmá á ti máa tó o. Ẹkún tí wọ́n sun yẹn, mo fi ọwọ́ pàtàkì mú un: ọwọ́ òsì ni wọ́n nà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wá.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín pé yíya àdìrẹ kọ́ ló fa àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú àrùn yìí. Inú ọpọlọ ni àrùn náà ti ń ṣọṣẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹnu fi jọ rẹ̀ pọ̀. Ibi tó ti kú nínú ọpọlọ kò ní jí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ibi tó kù lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá ń ṣe ohun kan náà léraléra, tí ohun náà sì ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara ń tètè gbà á jù, kò sì dúró síbẹ̀. Ẹ ti lo bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú rẹ̀. Ìsinmi ṣe pàtàkì, àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìsinmi nìkan, ọwọ́ á gbàgbé ara rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ra bọ́ọ̀lù kékeré fún Màmá pé kí wọ́n máa fún un mọ́ ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á kúrò. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé sọ ọ́, mi ò ní yé e sọ. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ìka ọwọ́ tó rọ fẹ́ràn láti máa ká fúnra rẹ̀ títí á fi di ẹ̀ṣẹ́. Ṣíṣí rẹ̀ ló nira. Ìyẹ́ àdìrẹ dára ju bọ́ọ̀lù lọ nítorí pé méjèèjì ló ń béèrè: Màmá á dì í mú, wọ́n á kì í bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n á fa ilà, wọ́n á sì tún ní láti ṣí ìka kí wọ́n tó lè gbé e kalẹ̀.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ wo ìjókòó. Mo mọ̀ pé orí àpótí ìjókòó kúkurú ni ọ̀pọ̀ aládìrẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á tẹ̀ mọ́ aṣọ. Màmá ò tíì lè jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí tábìlì bá ìgbúnwọ́ dọ́gba, kí ẹ sì tẹ́ táwẹ̀lì sábẹ́ apá ọ̀tún láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Apá yẹn kò gbọdọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, nítorí egungun èjìká lè yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. Ìdí kan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ọ̀tún fa Màmá dìde tàbí kí ó kì í lábẹ́ abíyá gbé sókè. Ìbàdí ni kí ẹ dì mú.

Ìyẹ́ ti tín-ín-rín jù fún ìka tí kò lágbára. Ẹ gé fóòmù, ẹ wé e mọ́ ìdí ìyẹ́ títí á fi nípọn tó ṣùkù àgbàdo kékeré, ẹ fi rọ́bà dì í. Ẹ lẹ àwọn igun aṣọ mọ́ tábìlì kó má bàa sá. Ní ti ẹ̀kọ, láfún àti omi nìkan ni kí ẹ fi rò ó, kí ó sì tutù pátápátá kí ó tó dé iwájú wọn. Álọ́ọ̀mù àti búlúsítóònù tí wọ́n máa ń fi sí i, ẹ yọ wọ́n kúrò nísinsìnyí. Ọwọ́ tó rọ lè má mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé nǹkan ń jẹ ẹ́ lára. (Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ yẹn láràárọ̀, kí ó dáwọ́ dúró. Mo ti rí awọ ara tó bó, tí aláìsàn ò mọ̀.)

Ẹ má fún wọn ní odindi aṣọ. Ìṣirò wa ti wà nínú iṣẹ́ Màmá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń pín aṣọ Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ tó gbajúmọ̀ yẹn, sí ojú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn sí i. Ojú kan lóòjọ́ tó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilà tó yí ojú náà ká nìkan ni kí wọ́n fà. Òpó, ẹyẹ àti ewé á tẹ̀lé e. Bí ọwọ́ ò bá lè dá gbéra, ẹ fi ọwọ́ tiyín gbé e láti ìsàlẹ̀, kí ìyẹ́ wà lọ́wọ́ tiwọn. Ọwọ́ òsì lè di aṣọ mú. Ó máa wù ú láti gba iṣẹ́ náà ṣe pátápátá, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbà á nísinsìnyí.

Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn, ìṣẹ́jú 15 péré. Ọpọlọ tó ń wo ara rẹ̀ sàn máa ń tètè rẹ̀, àárẹ̀ náà kò jọ ti ẹni tó ṣiṣẹ́ oko. Bí ìyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ pa iṣẹ́ tì, kódà bí ó bá jẹ́ pé ilà kan ló kù.

Aró ńkọ́? Rárá o. Kọ́sítíìkì sódà, èéfín, omi gbígbóná, ilẹ̀ tó ń yọ̀: kò sí èyí tó yẹ ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Ṣebí láyé àwọn ìyá wa, ọ̀tọ̀ ni aládìrẹ, ọ̀tọ̀ ni aláró. Ẹ dá a padà sí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé aṣọ lọ fún aláró. Kò sọ iṣẹ́ Màmá di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Henri Matisse, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, ní Lyon lọ́dún 1941, ẹni ọdún 71 ni. Kò lè dúró pẹ́ mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé bébà. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ló ń kun bébà náà, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó bá ní kí wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní.

Bí wọ́n bá ń ya, ẹ lo àǹfààní náà fún ọ̀rọ̀. Ẹ fi ọnà méjì hàn wọ́n, ẹ béèrè pé èwo ni ká ṣe, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka mẹ́wàá nínú ọkàn yín kí ẹ tó bá wọn sọ ọ́. Orin, àdúrà, oríkì yín tí wọ́n ti ń kì láti kékeré àti oókan, èéjì sábà máa ń tètè jáde ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Ẹ jọ kọ orin tí wọ́n máa ń kọ nídìí iṣẹ́.

Ẹkún á tún wá. Nígbà mìíràn, àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹkún láìsí ìbànújẹ́. Nígbà mìíràn, ìbànújẹ́ ni lóòótọ́: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú lẹ́yìn àrùn yìí, ó sì ní ìtọ́jú. Bí Màmá ò bá jẹun, tí wọn ò sùn, tí ìyẹ́ pàápàá ò wù wọ́n mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà. Bó bá wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì da àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Bí omi bá ń tá Màmá lórí nígbà tí wọ́n bá ń mu ún, èyí náà yẹ kí dókítà gbọ́ kíákíá.

Bí ẹnu bá ṣàdéédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọwọ́ tó ti ń gbéra bá ṣubú, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá dá mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mu. Ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kò wúlò fún gbogbo irú àrùn rọpárọsẹ̀, ibi tó bá sì ti wúlò, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn.

Aṣọ àkọ́kọ́ tí Màmá bá fi ọwọ́ ọ̀tún ya, ẹ má fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tún ilà rẹ̀ ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ sí etí rẹ̀, ẹ ká a, kí ẹ mú un dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí fisiotẹ́rápì. Ibi tí ilà bá ti wọ́ á fi han ẹni tó ń tọ́jú wọn ibi tí èjìká ti ń fa ọwọ́ àti ibi tí ìka ti rẹ̀.