Wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa ṣe, kí ni ká bèèrè fún?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi la jọ máa ń rìn láràárọ̀ lójú ọ̀nà kan ládùúgbò wa níbí ní Amẹ́ríkà, àmọ́ eré táwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sá níbẹ̀ ń dẹ́rù bà wá. Ìjọba ìlú ti pè wá sípàdé pé àwọn fẹ́ tún un ṣe, àwọn kan sì ń sọ pé kí wọ́n ṣáà fẹ̀ ẹ́ lójú. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ bá mi kí màmá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé fífẹ̀ nìkan ò ní tó. Lóòótọ́, ẹsẹ bàtà 10 ló yẹ kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó, ó kéré tán, tí tiyín ò bá tó bẹ́ẹ̀ ẹ bèèrè fún un, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tí wọn ò pín in, àyè tuntun yẹn làwọn oníkẹ̀kẹ́ máa fi sáré sí i.

Ẹ wo Lakefront Trail ní Chicago, létí adágún. Ó lé ní máìlì 18, ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, àwọn tó ń sáré ìdárayá, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn ló ń fún ara wọn mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2016 olówó kan tó ń jẹ́ Ken Griffin gbé mílíọ̀nù dọ́là 12 sílẹ̀ kí wọ́n lè ya tẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára toníkẹ̀kẹ́, nígbà tó fi máa di ìparí 2018 wọ́n ti ṣe é tán. Toníkẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó ẹsẹ bàtà 12, tẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ 20, mẹ́fà nínú ẹ̀ sì rọ̀ nílẹ̀ fáwọn tó ń sáré. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fún láyè jù o, ẹ rántí ìyẹn nípàdé.

Ibi tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ibi tí ọ̀nà yín ti ń dábùú títì mọ́tò. Ní Chicago yẹn náà, nítòsí Navy Pier, ibi ìgbafẹ́ kan létí adágún náà, àárín mọ́tò lèèyàn ti ń fo títì tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ní àwọn á kọ́ afárá gbà á kọjá lókè, 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 2021 ni wọ́n tó parí. Ọdún méje! Torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi afárá ńlá dá yín dúró. Kí wọ́n gbé ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń fo títì sókè bíi bọ́ọ̀mpù kí mọ́tò lè rọra, kí wọ́n ṣe ibi ìdúró sáàárín títì tí màmá lè dúró lé, kí iná tráfíìkì náà sì pẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí ò lè yára.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ibi tí omi máa gbà. Omi tó bá dúró lójú ọ̀nà, yìnyín ló máa dà nígbà òtútù, ibẹ̀ làgbàlagbà ti ń ṣubú.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú bébà, ẹ jókòó síbẹ̀ wákàtí méjì láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ àti méjì ní Sátidé, ẹ ka ẹlẹ́sẹ̀, ẹ ka oníkẹ̀kẹ́, ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlura sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Mo ti jókòó sírú ìpàdé yìí gan-an, ẹni tó bá ní "ó léwu" wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ẹni tó mú iye àti fọ́tò wá ni wọ́n máa ń pè padà. Ẹ mú màmá náà dání, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.