Ọ̀sẹ̀ kan lórí ọkọ̀ ìgbòkun ní British Virgin Islands: erékùṣù mélòó ló tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ mi gba Day Skipper, ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń tu ọkọ̀ ìgbòkun, ní Solent, ojú òkun ní gúúsù England, lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé ká gba ọkọ̀ ìgbòkun fún ọ̀sẹ̀ kan ní British Virgin Islands ní Caribbean, kó tù ú fúnra rẹ̀ láìsí atukọ̀ kankan. Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ: àwa méjì, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti kọ erékùṣù mẹ́jọ sílẹ̀, títí kan St. John ti Amẹ́ríkà. Owó oṣù kẹjọ dínkù gan-an, àwọn ọmọ ò sì sí níléèwé nígbà náà. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ìyá Ìbejì, Leeds.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò o. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba bírò lọ́wọ́ bàbá wọn ná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dé erékùṣù mẹ́jọ lọ́jọ́ méje, okùn lẹ ó máa so, okùn lẹ ó máa tú. Márùn-ún tàbí mẹ́fà láti sùn sí ni mo máa ń fi sínú ètò fáwọn tó bá kó ọmọ dání.

Oṣù kẹjọ tó dínkù yẹn, ó nídìí tó fi dínkù. June 1 ni àsìkò ìjì líle máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, November 30 ló ń parí, àárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ló sì máa ń le jù. Nígbà tí ìjì Irma kọlu wọn ní September 6, 2017, ṣe ló to àwọn ọkọ̀ lé ara wọn ní èbúté bí ẹni to igi ìdáná. Ẹ fi sí ìsinmi Àjíǹde. Atẹ́gùn oṣù kejìlá àti oṣù kìíní tó máa ń le ti rọlẹ̀ nígbà yẹn, ìgbì tó ń ti àríwá wá náà ti dínkù.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, ní Mediterranean, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ní Tortola, erékùṣù tí ẹ ó ti gba ọkọ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀ fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ti tù rí: báwo ni ọkọ̀ náà ṣe gùn tó, ọjọ́ mélòó, ṣé òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀. Kó má bù mọ́ ọn o. Tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dán, wọ́n á fi atukọ̀ kún un, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó rẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, màá ní kẹ́ ẹ fúnra yín gba atukọ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ ó fún un ní ibùsùn, ẹ ó bọ́ ọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkọ̀ oní-ara-méjì ló dáa fún yín nítorí àwọn ọmọ, kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ kì í sì í dà nù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 42, tó ga bí ilé, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ní Solent. Bó bá ti dín eré kù, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tí ara yín ṣì le, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa tì yín bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò ní kúrò ní Road Town ní Tortola kó tó di ọ̀sán, torí wọ́n á ṣàlàyé ọkọ̀ fún yín títí. Ẹ sọdá sí The Bight ní Norman Island, kò jìnnà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró ní Salt Island níbi tí ọkọ̀ Rhone rì sí nínú ìjì October 29, 1867, kẹ́ ẹ sùn ní Cooper Island. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ tètè jí dé The Baths, etíkun olókùúta ńláńlá ní erékùṣù Virgin Gorda, kí èrò tó pé. Ọkọ̀ kékeré onírọ́bà ò gbọdọ̀ gun etíkun níbẹ̀, okùn ni wọ́n ń so ó mọ́, ẹ ó sì lúwẹ̀ẹ́ wọlé. Ibẹ̀ lẹ ó ti lọ sùn ní North Sound, ní Virgin Gorda kan náà.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín lọ́kọláya lórí omi yẹn kì í ṣe ìgbòkun, bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n so bọ́ọ̀lù náà mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, òun ni ọkọ̀ ń so mọ́ sùn. Ọkọ yín á kọjú ọkọ̀ sí atẹ́gùn, á rọra sún mọ́ ọn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìkọ́. Ẹ má pariwo, ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kó gbọ́. Ẹ na ọwọ́ sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kẹ́ ẹ má sì sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá ti gbá ojú okùn rẹ̀ mú, okùn méjì láti ara ọkọ̀ yín ni kó wọ inú ẹ̀: tòsì á padà sósì, tọ̀tún á padà sọ́tùn-ún. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, okùn kan ṣoṣo ni mo fà kọjá láti òsì sí ọ̀tún, mo sì lọ sùn. Gbogbo òru ni ọkọ̀ ń mì lọ mì bọ̀, tí okùn ń rìn nínú ojú yẹn bí ayùn. Ìtọ̀ ló jí mi laago mẹ́ta. Mo tan iná wo iwájú, fọ́nrán kan ló kù.

Ilé-iṣẹ́ ò gbà kẹ́ ẹ tu ọkọ̀ lálẹ́, bọ́ọ̀lù sì lè tán kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ tètè máa dé. Èyí tó wà ní The Baths àti The Indians, àwọn àpáta tó yọ sókè nítòsí Norman Island, ti ojúmọmọ nìkan ni.

Anegada ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọjọ́ kẹrin àti karùn-ún sí. Ibi tó ga jù níbẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 28 lọ, nítorí náà ẹ ó ti tu ọkọ̀ títí láti North Sound kẹ́ ẹ tó rí ohunkóhun. Orí igi ló máa ń kọ́kọ́ yọ, àfi bí ẹni pé inú òkun ló ti hù. Horseshoe Reef, òkúta iyùn tó wà lábẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anegada, gùn tó máìlì 18, ó sì ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ gbéra láago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn lè wà lókè bẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ibi tí omi bá dúdú bí àgbo, iyùn ló wà níbẹ̀, ẹ yà. Ẹ wá bá mi sọ eléyìí fún Day Skipper wa: ní Solent, bó bá ń wọ èbúté, òsì ni àmì pupa máa ń wà. Ní Caribbean, ọ̀tún ni. Kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìtọ́kọ̀. Ẹ tètè fóònù sí ilé oúnjẹ ní Anegada fún lọ́bísítà alẹ́ o, wọn kì í sè é fún ẹni tó kàn yọjú.

Ọjọ́ kẹfà, atẹ́gùn á wà lẹ́yìn yín dé Jost Van Dyke. Ẹ sùn ní Peter Island lálẹ́ ọjọ́ keje, kẹ́ ẹ lè tètè dá ọkọ̀ padà láàárọ̀.

Ẹ yọ St. John kúrò. Amẹ́ríkà ni, ESTA, ìwé àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń wọ bàálù lọ síbẹ̀, ò sì bá ọkọ̀ tí ẹ fúnra yín tù lọ mu. Físà gidi ni wọ́n máa béèrè, pásípọ́ọ̀tù Britain ì báà wà lọ́wọ́ yín.

Báàgì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi di ẹrù, kò síbi tí àpótí líle máa wọ̀. Ẹ rántí gàrí, lọ́jọ́ tí omi bá ru tí kò sẹ́ni tó lè dúró nídìí iná. Ṣáláńgá ọkọ̀ náà ò gba bébà o: ohun tí ẹnu ò bá jẹ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, inú ọ̀rá ni bébà ń lọ. Bó bá dí, bàbá wọn ló máa tú u, nínú oòrùn. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ìbejì kẹ́ ẹ tó kúrò ní Leeds.