Ṣé mo lè fi ohun tí ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ sídìí ọ̀bẹ mi?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, Ìkòròdú sí Mile 12 ni mò ń ná. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi ọ̀bẹ Morakniv Companion ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní èèkù rọ́bà. Mo fẹ́ kó ní ẹnu kékeré nídìí tí mo lè fi fọ́ gíláàsì bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí ilẹ̀kùn ò ṣí, pàápàá ní Májídùn tí omi wà. Wẹ́dà kan ní òun máa jó ìṣó kọnkéré mọ́ ọn. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má gbé e fún un. Iná ni wọ́n fi mú irin ọ̀bẹ yẹn le ní Sweden, iná náà ló sì máa bà á jẹ́. Rọ́bà èèkù á yọ́, ẹnu ìṣó kọnkéré fúnra rẹ̀ á rọ̀ bí wọ́n bá ti jó o. Ó tún ku ìkan: irin ọ̀bẹ yín ò gùn dé ìdí èèkù, inú rọ́bà ló parí sí. Wẹ́dà ò tiẹ̀ ní rí irin kankan jó ìṣó mọ́.

Ṣùgbọ́n èrò yín dára gan-an, ó sì ṣeé ṣe láìlo iná rárá.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe gíláàsì fèrèsé ilé. Wọ́n máa ń mú un gbóná kọjá 600°C, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lójijì. Awọ òde á kọ́kọ́ gan, inú á tutù tẹ̀lé e, á sì máa fa awọ náà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ìgúnpá kì í fi í ràn án, agbára rẹ̀ á kàn fọ́n káàkiri. Àmọ́ bí ẹnu kékeré tó le ju gíláàsì lọ bá gún awọ yẹn kọjá lójú kan ṣoṣo, gbogbo ìfà inú rẹ̀ á tú, á sì fọ́ wómúwómú.

Gíláàsì iwájú yàtọ̀. Pẹlẹbẹ méjì ni, rọ́bà tín-ín-rín wà láàárín wọn. Á sán, kò ní ṣí. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ti ń lo irú rẹ̀ fún ilẹ̀kùn pàápàá. Ẹ yí bọ́ọ̀sì yín po, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan: èyí tí wọ́n kọ Tempered sí (irú tó ń fọ́ wómúwómú) ni kí ẹ gbójú lé, kì í ṣe Laminated (onípẹlẹbẹ méjì). Bí ẹ bá sì ti fi perspex, rọ́bà líle tó dà bíi gíláàsì, dí fèrèsé kan, ẹ gbàgbé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni tungsten carbide, ohun kan tó le ju gíláàsì lọ. Kì í ṣe kábáìdì tí àwọn panel beater ń da omi sí o. Ó wà lẹ́nu bíìtì tí àwọn oníná fi ń lu kọnkéré. Ẹ bẹ oníná kan kó fún yín ní èyí tó ti kú, mílímítà 6 ní ìbú, kí ẹ fi ayùn irin gé e kó ku sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ ṣóńṣó, kó má sì tín-ín jù kó má baà kán. Òkúta lásán kì í ràn án; ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń lo lathe ní Odógúnyán, kí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ ewé pọ́n ọn. Bó bá gbóná, kí wọ́n má rì í bọ omi, á sán. Kí wọ́n bo imú pẹ̀lú: eruku rẹ̀ ní cobalt nínú, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí yóò ṣe dúró sínú èèkù gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó lágbára, ẹ rọra fà á lára èèkù láti ọrùn ọ̀bẹ lọ sídìí. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti mọ̀ pé kò fà mọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, irin parí nìyẹn. Bí ohun tó ṣẹ́kù ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀, ẹ jáwọ́. Bó bá tó, ẹ lu ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí àárín ìdí èèkù. Kí díríìlì máa yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí rọ́bà yìí máa ń yọ́ mọ́ bíìtì lára.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbára lé gọ́ọ̀mù nìkan. Polypropylene, irú rọ́bà líle kan, ni inú èèkù yẹn; Araldite, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po, máa ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ẹyin sísè. Nítorí náà, ẹ fi fáìlì gé ìlà yíká ara bíìtì, sẹ̀ǹtímítà 1 sókè láti ìdí rẹ̀. Ẹ ju pẹlẹbẹ irin kékeré sísàlẹ̀ ihò kí bíìtì má baà máa gún rọ́bà wọlé nígbà tí ẹ bá ń lu nǹkan. Ẹ po Araldite, ẹ fi sínú ihò, ẹ ti bíìtì wọlé kí ẹnu rẹ̀ yọ síta bíi mílímítà 5. Ẹ wá lu ihò tín-ín-rín láti ẹ̀gbẹ́ èèkù, kó fẹ̀gbẹ́ gba ojú ìlà yẹn kọjá sí òdìkejì, kí ẹ fi ìṣó gígé dè é. Ìṣó yìí ló máa di bíìtì mú. Araldite kàn ń dí àlàfo ni. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi rọ́bà họ́ọ̀sì bò ó lẹ́nu kó má gún yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ́ gíláàsì, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ jáde nínú àkọ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí. Ìdí èèkù lẹ fi ń lù, ojú ọ̀bẹ wà lókè ọwọ́ yín lẹ́bàá ojú, ẹ sì ń ju apá nínú ọkọ̀ tí èrò kún. Ẹ di èèkù mú, ẹ dà á kodò, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí àkọ̀ bá yọ, ẹ fi rọ́bà inú táyà so ó. Igun ìsàlẹ̀ gíláàsì, lẹ́bàá férémù, ni kí ẹ lù. Àárín máa ń fì.

Ní ti omi: ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti ri ọkọ̀ sómi láti fi ṣèwádìí, ní ọkọ̀ máa ń léfòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú 2. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tú bẹ́líìtì, kí ẹ ṣí gíláàsì tàbí fọ́ ọ, kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ jáde. Ẹ má dúró pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bí omi bá ti bo gíláàsì, á dá apá yín dúró, agbára ò ní tó.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ lọ ra gíláàsì ilẹ̀kùn àlòkù kan ní Owódé Onírin, kí ẹ fọ́ ọ wò: awò lójú, bàtà lẹ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí. Bí bíìtì bá mì lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ wá so ọ̀bẹ síbi tí ọwọ́ yín á dé pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, kì í ṣe inú búùtù. Ẹ fi ìlò rẹ̀ han kọ̀ndọ́ yín pẹ̀lú. Ẹnu ilẹ̀kùn èrò lòun máa ń wà.