Ta ni Olóyè Akíntọ́lá Williams, kí ló sì gbé ṣe l'Ékòó?
Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, ìyẹn akáwùńtáǹtì tó gbàwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, lọ́dún 1949, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1919. Ìdílé lọ́yà ni: lọ́yà ni bàbá rẹ̀, lọ́yà ni àbúrò rẹ̀, Rótìmí Williams tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní 1952 ó dá iléeṣẹ́ akáwùńtáǹtì tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn, torí ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ni iṣẹ́ náà wà nígbà yẹn. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáwùńtáǹtì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó gbájú mọ́ MUSON, ẹgbẹ́ tó ń gbé orin lárugẹ, ní Oníkàn l'Ékòó. Ọdún 2023 ló papò dà, lẹ́ni ọdún 104.