Hook kan ò tó fún ìpamọ́ fáìlì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ́dítọ̀ kékeré kan (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀) ni mò ń kọ, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń lò ó lè so macro tiwọn, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹ́dítọ̀ á máa ṣe fúnra rẹ̀, mọ́ ọn. Hook kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ẹ́dítọ̀ ti ń pe macro tí wọ́n so mọ́ ọn, ni mo ṣe fún ìpamọ́ fáìlì. "Save" ni mo pè é. Ẹnì kan wá so macro tó ń pa àlàfo ìparí ìlà rẹ́ mọ́ ọn. Macro yẹn tún pe save fúnra rẹ̀, save náà tún pe macro, ni ẹ́dítọ̀ bá ń pòòyì títí ó fi dákú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má dá ẹni tó kọ macro lẹ́bi. Orúkọ hook yẹn ló ṣì í lọ́nà: "save" ò sọ bóyá fáìlì ti dé orí dísìkì tàbí kò tíì dé. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ wo ẹ́dítọ̀ méjì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀: Vim ní BufWritePre (ṣáájú ìpamọ́) àti BufWritePost (lẹ́yìn ìpamọ́), Emacs ní before-save-hook àti after-save-hook. Nínú èyí tó ṣáájú ni kí macro ti máa tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ìròyìn lásán ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti pa àlàfo rẹ́ kí fáìlì tó wọlé, kí ló tún fẹ́ pe save fún?

Síbẹ̀, ẹnì kan á ṣáà pè é. Ẹ fi àmì sí i pé hook ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ìpè kejì bá dé, kí ẹ́dítọ̀ kọ fáìlì láìtún pe hook. Bẹ́ẹ̀ náà ni Vim: autocommand (àṣẹ tí wọ́n so mọ́ hook rẹ̀) kì í pe autocommand mìíràn, àfi tí ẹ bá fi ++nested sí i. Bí macro bá sì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ fi àṣìṣe rẹ̀ han oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà fi fáìlì pamọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ò yẹ kó ṣòfò nítorí àlàfo.

Ibi tí èmi náà ti jìn sí kòtò rí ni ìgbà tí èèyàn bá ń gba macro sílẹ̀. Bọ́tìnì tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí hook ṣe. Ká ní hook kan ń fi déètì sórí fáìlì: tí ẹ bá gba ìyẹn náà sílẹ̀, déètì méjì lẹ máa rí nígbà tí macro bá tún ṣiṣẹ́, nítorí hook á tún ṣe tirẹ̀. Gbogbo àtúnṣe tí hook kan bá ṣe, kí undo kan ṣoṣo lè dá a padà.

Ó ku kékeré: tí ẹ́dítọ̀ bá tún ka fáìlì ètò (èyí tí oníṣẹ́ ti so macro rẹ̀ mọ́ hook) lẹ́ẹ̀kejì, macro kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Add-hook ti Emacs, àṣẹ tó ń so iṣẹ́ mọ́ hook, kì í fi iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ kún un mọ́. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀.