Iná kú, ṣé fáàfù ti tì lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹta mi rèé nílé-iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì kan níbí ní Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá ní kí n lọ ti fáàfù (ohun tí ń ṣí tàbí tí ń ti ọ̀nà páìpù), mo gbọ́dọ̀ tún un sọ fún ẹni tó rán mi, kóun náà ní “bẹ́ẹ̀ ni” kí n tó gbẹ́sẹ̀. Tí iná kékeré ojú pátákó bá ti fi hàn pé fáàfù ti tì, wọ́n á tún ní kí n lọ wo géèjì méjì mìíràn. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Èmi náà kùn nígbà tèmi, àfìgbà tí mo gbọ́ ìtàn iná kékeré kan.

Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979, ní Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, riákítọ̀ kejì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi epo átọ́míìkì yọ ooru, pa ara rẹ̀ bó ti yẹ. Fáàfù tí ń dín prẹ́ṣọ̀ kù ti ṣí, ṣùgbọ́n kò tì padà. Iná rẹ̀ kú lójú pátákó, wọ́n sì gbà pé ó ti tì. Bẹ́ẹ̀, iná yẹn kò wo fáàfù rárá. Iná mànàmáná tí wọ́n fi ń ṣí i ló ń wò. Bí ẹni rán ọmọ lọ ti géètì, tó wá ń búra pé géètì ti tì torí pé ọmọ ti jáde nílé.

Omi tó yẹ kó máa mú riákítọ̀ tutù ń tú dànù fún ohun tó lé ní wákàtí méjì. Páìpù tó wà lẹ́yìn fáàfù náà gbóná, ṣùgbọ́n ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbígbóná rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú mọ́. Géèjì kan tún ní omi kún, wọ́n bá dín omi ààbò tó ń wọlé kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ní kí wọ́n ti fáàfù kejì tó wà lójú páìpù kan náà. Nǹkan bí ìdajì kókó riákítọ̀, níbi tí epo rẹ̀ wà, ló yọ́.

O lè ní, ṣebí riákítọ̀ ti kú? Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ilé. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣì ń yọ ooru bí ìdá mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó ku bí ààbọ̀ ìdá kan, ìyẹn mẹ́gáwáàtì 15 fún èyí tó ń yọ 3,000. Ooru yìí náà ló dá wàhálà Fukushima sílẹ̀ ní 2011, nígbà tí omi òkun ba jẹnẹrétọ̀ wọn jẹ́, tí pọ́ǹpù kò ríná lò.

Nítorí náà, lórí iná kọ̀ọ̀kan tó kàn ọ́, béèrè pé: àṣẹ ló ń wò, àbí ara fáàfù? Kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kékeré rẹ. Lẹ́yìn náà, wo ibi tí omi yẹn yẹ kó máa lọ: ṣé táǹkì rẹ̀ ń kún, ṣé páìpù rẹ̀ ń gbóná?

Ní ti àtúnsọ, nínú ariwo tọ́báìnì, B àti D kò yàtọ̀ létí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Bravo àti Delta. Mo ti dúró níwájú pọ́ǹpù D rí nígbà tó jẹ́ B ni wọ́n rán mi. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bí iná àti géèjì bá ń ta ko ara wọn, má dá a rò. Dúró níbẹ̀, pe ọ̀gá ṣíìfù.