Eegun ọrùn ọwọ́ ọmọ mi kán: ṣé POP ni àbí iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyá ọlọ́mọ ni mí. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 24, jábọ́ lórí ọ̀kadà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. X-ray àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ṣì ń dùn ún, wọ́n ya òmíràn, wọ́n ní eegun scaphoid ló kán. Dókítà kan ní POP (báńdéèjì funfun tó máa ń le gbagidi) ni, èkejì ní iṣẹ́ abẹ ni. Èwo ni ká ṣe? Kí ni wọ́n máa ń ṣe nínú iṣẹ́ abẹ náà gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ibi tí eegun náà ti kán, àti bóyá ó ti yẹ̀, ló máa sọ èyí tó yẹ.

Nínú eegun kéékèèké mẹ́jọ tó wà lọ́rùn ọwọ́, scaphoid, tó rí bíi hóró kajú nídìí àtàǹpàkò, ló máa ń kán jù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló mú un le. Ìhà tó kọjú sí ìka ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, kó tó ṣẹ́rí padà sí ìhà apá. Bó bá kán, ìhà apá lè má rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, eegun ibẹ̀ á sì kú. Kò yani lẹ́nu pé X-ray àkọ́kọ́ kò rí i. Bí wọ́n bá tẹ kòtò kékeré tó wà nídìí àtàǹpàkò tó sì ń dùn ún, ṣe ló yẹ kí wọ́n ti dì í, kí wọ́n tún un yà láàárín ọjọ́ 10 sí 14.

Bó bá jẹ́ àárín ló ti kán, tí kò yẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ, èmi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo POP. Ìwádìí SWIFFT tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 439 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ọwọ́ àwọn tó lo POP kò yàtọ̀ sí tàwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé wọ́n ṣe CT, ìyẹn àwòrán tó ń fi eegun hàn kedere ju X-ray lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u. Bí kò bá tíì so, kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ.

Bó bá yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó jẹ́ ìhà apá ló ti kán, iṣẹ́ abẹ ni. Síkírúù tí kò lórí ni wọ́n máa ń lò, irú èyí tí Timothy Herbert ṣe ní Ọsirélíà. Ìlà ìyí tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, torí náà bó ṣe ń wọlé ló ń fún eegun méjèèjì pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín eegun kọjá, wọ́n á máa fi X-ray wò ó bó ṣe ń lọ, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á sì mú síkírúù tó fi bíi mìlímítà 4 kúrú sí i. Bó bá gùn jù, á yọ sínú oríkèé, á sì máa ha kèrékèré ibẹ̀ jẹ. Bí eegun ò bá yẹ̀, ojú ọgbẹ́ lè má tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá yẹ̀, wọ́n á là á, wọ́n á tò ó padà kí wọ́n tó dè é.

Èyí tó ti pẹ́ tí kò so le jù. Wọ́n á ha ojú tó ti kú kúrò, wọ́n á bu eegun láti ìbàdí tàbí apá dí i, nígbà mìíràn tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí oríkèé bá ti bàjẹ́, ó lè di pé kí wọ́n yọ scaphoid, kí wọ́n so eegun mẹ́rin mìíràn pọ̀. Ìrora á dín kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò ní lè tẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pẹ́ jù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ CT, kí ẹ sì bi wọ́n ní ibi tó ti kán àti iye mìlímítà tó fi yẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ tàbí fi igi dì í pinpin. Bó bá ń mu sìgá, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí ó máa ń dí síso eegun lọ́wọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo títí CT fi máa fi hàn pé ó ti so.